Agbẹjọ́rò Ọ̀fẹ́ ní Àgọ́ Ọlọ́pàá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Wọn Nígbà Tí Ọtí Bá Kóni sí Wàhálà

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni ti agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tí ìjọba pèsè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales fún ẹnikẹ́ni tí ọlọ́pàá bá mú dé àgọ́ wọn, ẹni tí gbogbo ènìyàn níhìn-ín ń pè ní duty solicitor. Mo ń kọ ọ́ fún àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé níbí, pàápàá àwọn tí ó ní ọmọ, àbúrò tàbí ọkọ tí ó máa ń lọ sí òde àríyá lópin ọ̀sẹ̀, nítorí pé ọtí ni ó mú iṣẹ́ yìí kan ẹbí wa: wọ́n ní àbúrò mi mutí yó ní gbangba, wọ́n sì ní ó bá ọlọ́pàá wọ̀yá ìjà nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un. Èrò mi nípa iṣẹ́ náà ni pé ó dára, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ̀ ọ́, àti pé àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ wà níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní fọkàn sí.

Òfin tí ó fún wa ní ẹ̀tọ́ yìí ni òfin ọlọ́pàá àti ẹ̀rí ti ọdún 1984, èyí tí wọ́n ń pè ní PACE. Abala 58 nínú rẹ̀ sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú tí wọ́n sì fi sí àtìmọ́lé ní ẹ̀tọ́ láti bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ nígbàkigbà tí ó bá béèrè. Ọlọ́pàá tí ó ń mójú tó àtìmọ́lé gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un nígbà tí wọ́n bá mú un dé, kí ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé kò ní san kọ́bọ̀. Wọn kì í béèrè iye tí ènìyàn ń gbà lóṣù, wọn kì í sì í wo irú ìwé ìgbélùú tí ó ní. Bí ó bá ní agbẹjọ́rò tirẹ̀, ó lè dárúkọ onítọ̀hún. Bí kò bá ní, ọlọ́pàá yóò pe ibùdó ìpè kan tí yóò wá agbẹjọ́rò tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ládùúgbò náà lọ́jọ́ yẹn. Bí ó bá tilẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ pé òun kò fẹ́, kò sí ohun tí ó ní kí ó má yí ọ̀rọ̀ náà padà. Àwọn kan nínú wa gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ọlọ́pàá ni ó pè é, ọlọ́pàá náà ni ó ni ín. Èyí kì í ṣe òótọ́ rárá. Ilé iṣẹ́ amòfin ni irú agbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀ ti ń wá, inú owó ìrànlọ́wọ́ òfin ni wọ́n ti ń san owó rẹ̀, ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé nìkan ni ó sì ń ṣojú fún.

Àríyá ìsọmọlórúkọ ni àbúrò mi ti ń bọ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti ti gbọ̀ngàn, àwọn ènìyàn ń dúró de takisí lójú títì, ọ̀rọ̀ sì di ariwo láàárín òun àti awakọ̀ kan. Àwọn ará àdúgbò pe ọlọ́pàá. Nígbà tí ọlọ́pàá kan di apá rẹ̀ mú, ó já apá náà gbà, àwọn méjèèjì sì ṣubú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀sùn ti di méjì: ìmutípara pẹ̀lú ìwà jàgídíjàgan ní gbangba, àti lílu òṣìṣẹ́ pàjáwìrì, nítorí òfin ka ọlọ́pàá mọ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbé bàbá àwọn ọmọ mi lọ o. Wọ́n ní ó lu ọlọ́pàá. Ta ni ká lọ bẹ̀?"

Mi ò dá a lẹ́bi fún ìbéèrè yẹn. Bí a ṣe dàgbà nílé nìyẹn: bí wọ́n bá mú ẹnì kan, àgbà ilé yóò wọ agbádá, yóò wá ẹni tí ó mọ ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ̀bẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Òfin ilé pàápàá kò gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ẹ̀bẹ̀. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ẹni tí wọ́n bá mú láyè láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tí ó bá yàn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni abala 356 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò sọ pé ẹni tí ó bá lu ọlọ́pàá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí ó bá fi agbára kọ̀ fún un, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bẹ̀ níwájú káńtà àgọ́ ọlọ́pàá kò lè ṣí ilẹ̀kùn kankan, ẹni tí ó bá sì fi owó kún ẹ̀bẹ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti ọdún 2010, yóò wá di ẹlẹ́jọ́ kejì láti inú ilé kan náà. Ìdáhùn tí mo fún ìyàwó rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí a máa bẹ̀, pé bí ọkọ rẹ̀ bá pè é, kí ó sọ fún un kí ó béèrè agbẹjọ́rò, kí ó sì pa ẹnu mọ́ títí agbẹjọ́rò náà yóò fi dé.

Kí a tó lè mọ bí iṣẹ́ náà ti wúlò tó, ó yẹ kí a mọ ohun tí òfin ń fìyà jẹ. Ìmutípara nìkan kò wúwo lójú òfin ibí bí àwọn ènìyàn ti rò. Òfin ọtí ti ọdún 1872, tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní, ní abala 12, sọ pé ẹni tí wọ́n bá rí tí ó mutí yó ní ojú ọ̀nà tàbí ní ibi tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ yóò san owó ìtanràn, èyí tí kò lè ju £200 lọ. Bí ìwà jàgídíjàgan bá wọ̀ ọ́, abala 91 nínú òfin ọdún 1967 ni wọn yóò lò, ìtanràn rẹ̀ kò sì lè kọjá £1,000. Kò sí ẹ̀wọ̀n nínú méjèèjì. Ohun tí olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ti ọdún 1967 jẹ́ mẹ́ta: pé ẹni náà mutí yó, pé gbangba ni ó wà, àti pé ìwà rẹ̀ kò bójú mu. Ọtí gan-an ni òfin ń sọ níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti dá a láti ọdún 1985 pé ẹni tí gọ́ọ̀mù tí ó fà símú bá pa kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé nínú gbogbo èyí, tí wọ́n dá ní ọdún 1983 lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kent. Wọ́n gbé ọkùnrin kan lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn dókítà rí i pé ọtí nìkan ni ó ń ṣe é, wọ́n ní kí ó máa lọ, kò sì lọ. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n pè fà á jáde dé ojú títì, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án pé àwọn bá a lójú títì tí ó mutí yó. Ilé ẹjọ́ gíga ní ẹ̀bi náà dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọlọ́pàá fúnra wọn ni ó gbé e dé ojú títì. Ìdájọ́ yẹn ń dùn mí títí di òní. Mo mú un wá síbí nítorí pé ó fi hàn bí ó ti rọrùn tó kí ẹ̀sùn ọtí lẹ̀ mọ́ ènìyàn, àti pé ẹni tí ó bá gbára lé pé "mi ò ṣe nǹkan kan" nìkan kò tíì rí ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì ni ewu wà. Àwa a máa ń sọ pé ẹnì kan "kọ̀ kí ọlọ́pàá mú òun" bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n òfin ibí pín in sí oríṣiríṣi, ìyà wọn kò sì dọ́gba. Abala 89 nínú òfin ọlọ́pàá ti ọdún 1996 sọ nípa ẹni tí ó bá fi agbára kọ̀ fún ọlọ́pàá tàbí tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ dí i lọ́wọ́: ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí ìtanràn tí kò ju £1,000 lọ, tàbí méjèèjì. Òfin ọdún 1861 lórí ìpalára, ní abala 38, sọ nípa ẹni tí ó bá lu ènìyàn kí wọ́n má baà mú un: ìyẹn lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ni òfin ọdún 2018 dé, tí ó dá lílu òṣìṣẹ́ pàjáwìrì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀. Oṣù méjìlá ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2022 ó ti di ọdún méjì. Ẹ wá wo apá tí àbúrò mi já gbà. Ọ̀nà tí wọ́n bá gbà ṣàlàyé apá kan ṣoṣo yẹn ni yóò sọ bóyá ìtanràn ni tàbí ẹ̀wọ̀n, bóyá àkọsílẹ̀ tí yóò parẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan tàbí èyí tí yóò máa tẹ̀ lé e kiri. Ẹni tí ọtí ṣì wà lójú rẹ̀, tí orí ń fọ́, tí ojú ń tì, kọ́ ni ó yẹ kí ó máa dá ṣe àlàyé náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọtí ni yóò gba òun sílẹ̀. Àwọn adájọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà, ní Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, ti pa ilẹ̀kùn yẹn dé ní ọdún 1976 nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ó fa ìjà nínú ilé ọtí ní Basildon, tí ó sì lu àwọn ọlọ́pàá tí ó wá mú un. Ó ní ọtí àti oògùn tí òun lò kò jẹ́ kí òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Wọ́n dá a lóhùn pé ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mutí dé ibẹ̀ kò lè fi ọtí náà ṣe àwíjàre fún irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó lè ran ènìyàn lọ́wọ́ ju èyíinì lọ ni bóyá ọlọ́pàá wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà òfin nígbà tí ó fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 1984, ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀bi obìnrin kan tí ó fi èékánná ya ọlọ́pàábìnrin kan lára, nítorí pé ọlọ́pàá náà di apá rẹ̀ mú láìsọ pé òun mú un. Abala 28 nínú PACE sì sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ènìyàn pé wọ́n mú un, kí wọ́n sì sọ ìdí, ní kété tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n lójú títì lóru, ta ni yóò mọ èyí tí ó bófin mu àti èyí tí kò bófin mu? Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú yín, kí ẹ sì gbé àríyànjiyàn náà lé agbẹjọ́rò lọ́wọ́.

Níbi tí iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ wú mi lórí ni àgọ́ ọlọ́pàá lóru ọjọ́ yẹn. Agbẹjọ́rò pe àbúrò mi lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó sì bá a sọ: kí ó sùn, kí ó mu omi, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì àtìmọ́lé pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ì báà ṣe ọlọ́pàá tí ó gbé tíì wá fún un. Lẹ́yìn èyí ni ó bá ọlọ́pàá tí ó ń mójú tó àtìmọ́lé sọ̀rọ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ kí wọ́n fi ojú sí oníbàárà òun. Ìlànà ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá mutí yó ní àtìmọ́lé, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí wọ́n jí i, kí wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀ tàbí ibi tí ó wà, kí wọ́n sì rí i pé ó lè dáhùn, nítorí pé àìsàn tàbí ìpalára orí a máa jọ ọtí. Ìlànà kan náà ni ó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ wá ẹni tí ọtí kò jẹ́ kí ó lóye ìbéèrè lẹ́nu wò. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi pẹ́ níbẹ̀. Ẹbí ń ka wákàtí pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n wákàtí wọ̀nyẹn ni ó gbà á: ojú rẹ̀ dá kedere kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè kankan, wákàtí mẹ́rìnlélógún tí òfin gbà wọ́n láyè láti dá a dúró láìfẹ̀sùn kàn án sì ń lọ láti ìgbà tí ó ti wọ àgọ́ náà.

Agbẹjọ́rò náà fúnra rẹ̀ dé ní òwúrọ̀. Obìnrin ni, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì pe àbúrò mi ní Mister pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, láìsọ ọ́ di ọmọdé. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ohun kékeré nìyẹn. Fún ọkùnrin tí wọ́n ti gba bẹ́líìtì àti okùn bàtà rẹ̀ láti òru, kì í ṣe ohun kékeré. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ó bá ọlọ́pàá olùwádìí sọ̀rọ̀ láti mọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn léraléra lórí àwòrán kámẹ́rà tí ọlọ́pàá gbé kọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń kà fún ènìyàn: pé kò pọn dandan kí ó sọ̀rọ̀, pé ohun tí ó bá fi pamọ́ nígbà ìbéèrè tí ó sì wá gbára lé ní ilé ẹjọ́ lè pa ẹjọ́ rẹ̀ lára, àti pé ohunkóhun tí ó bá sọ lè di ẹ̀rí. Láti ọdún 1994 ni òfin ti fi apá àárín yẹn kún un. Òun ni ó ń da àwọn ènìyàn wa lójú rú jù, nítorí wọ́n gbọ́ pé wọ́n lè dákẹ́, wọn kò sì gbọ́ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ náà lè ná wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó gbé síwájú rẹ̀. Ó lè dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ó lè dákẹ́ sí gbogbo rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ kí àwọn méjèèjì kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sílẹ̀, kí wọ́n kà á sínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, kí ó má sì fi nǹkan kan lé e. Ẹ̀kẹta ni wọ́n mú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó, àbúrò mi sì jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ bí ẹ̀rù bá bà á. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ì bá ti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí ó ṣubú, bí ọmọlúàbí ṣe máa ń ṣe láti fi tu ẹni tí ara ń ta nínú, wọn ì bá sì ti kọ gáfárà náà sílẹ̀ bí ìjẹ́wọ́ pé ó lù ú. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ó mutí, pé ó pariwo, pé ó já apá rẹ̀ gbà nítorí ó dùn ún, àti pé kò gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni. Àwòrán kámẹ́rà náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ní àwọn kò ní tẹ̀ síwájú lórí ẹ̀sùn lílu òṣìṣẹ́ pàjáwìrì, wọ́n sì fún un ní ìwé ìtanràn ojú ẹsẹ̀ ti £90 fún ti ọtí.

Ohun mìíràn wà tí agbẹjọ́rò náà ṣe tí mo gbóṣùbà fún un lé lórí. Ó béèrè bóyá àbúrò mi fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá. Ó ní òun kò nílò rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ níbí, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ọ̀fẹ́ ni, ó sì sọ fún un pé gbígbọ́ èdè kan nínú ọjà yàtọ̀ sí gbígbọ́ ọ nínú yàrá ìbéèrè. Mo fẹ́ kí gbogbo àgbàlagbà wa tí wọ́n máa ń fi orí jẹ́ "yes" sí ohun tí kò yé wọn ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn nìyí. Èkíní ni àléébù tí mo mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀sùn ìmutípara nìkan ni wọ́n fi kan àbúrò mi, kò dájú pé agbẹjọ́rò kankan ì bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀wọ̀n, orí tẹlifóònù ni ìmọ̀ràn rẹ̀ máa ń mọ, àfi bí ọlọ́pàá bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ẹni náà lẹ́nu wò tàbí bí ó bá ní ohun kan tí ó mú un yàtọ̀, bí àìlera ọpọlọ. Mo mọ̀ pé owó ni wọ́n ń ṣọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó mutí yó kì í gbọ́ tẹlifóònù dáadáa, ìwé ìtanràn tàbí ìkìlọ̀ (èyí tí a ń fọwọ́ sí dípò kí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kà kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀) tí ó bá gbà ní òwúrọ̀ sì lè dé iwájú ẹni tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tàbí ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn wò kí wọ́n tó gbani. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè láti di ọmọ ìlú náà ń béèrè nípa ìdájọ́ àti ìkìlọ̀. Ìkìlọ̀ ọlọ́pàá, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn wa máa ń fọwọ́ sí i nítorí kí wọ́n lè tètè lọ sílé. Ibi tí ó yẹ kí agbẹjọ́rò jókòó ti ènìyàn nìyẹn, kí ó má jẹ́ ohùn lásán ni yóò máa gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn.

Èkejì ni pé ẹbí kò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò náà, wọ́n sì dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn kò lè sọ ohunkóhun láìjẹ́ pé oníbàárà gbà. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú, nítorí èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ni mo sì mú un wá sí ìlú yìí. Nígbà tí mo ronú sí i, mo gbà pé ìdí náà tọ̀nà: àṣírí tí agbẹjọ́rò bá ń sọ fún ẹbí lè dé etí ẹlẹ́rìí. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n máa bi oníbàárà nínú ìpè àkọ́kọ́ bóyá ẹnì kan wà tí àwọn lè fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan péré. Abala 56 nínú PACE fún ẹni tí wọ́n mú ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n sọ fún ẹnì kan pé òun wà ní àtìmọ́lé, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ni ó ń ṣe èyí, ìròyìn náà kì í sì í kọjá ibi tí ẹni náà wà.

Èkẹta ni pé ọ̀fẹ́ náà kò tẹ̀ lé ènìyàn dé ilé ẹjọ́ bí ó ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀sùn lọ sí ilé ẹjọ́ májísíréètì, wọn yóò wo iye owó tí ó ń wọlé fún un. Bí ó bá kọjá £22,325 lọ́dún lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò àwọn tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn mọ́ ọn, kò sí ìrànlọ́wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, wọn yóò tún wò ó bóyá ẹjọ́ náà wúwo tó. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tí ó máa ń wà ní ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀, àwọn tí ẹ̀sùn wọn lè já sí ẹ̀wọ̀n ni ó wà fún ní pàtàkì. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lórí ẹ̀sùn ìmutípara nìkan yóò san owó agbẹjọ́rò, tàbí kí ó dá gbé ẹjọ́ rẹ̀ rò, ìdí sì nìyí tí àwọn tí kò jẹ̀bi fi máa ń san ìtanràn.

Mi ò fi àwọn àléébù wọ̀nyí bá obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ fún wa wí. Àgọ́ ọlọ́pàá mìíràn ni ó ti ń bọ̀ nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi, òmíràn sì ni ó ń lọ. Ìjọba gé owó àwọn agbẹjọ́rò ìwà ọ̀daràn ní 8.75 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2014. Ìwádìí tí Lord Bellamy ṣe fún ìjọba, tí ó jáde ní ọdún 2021, dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó kéré tán, kí iṣẹ́ náà má baà wó, ìjọba kò sì fún àwọn agbẹjọ́rò wọ̀nyí tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga dá ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, Law Society, láre pé ọ̀nà tí ìjọba gbà ṣe ìpinnu náà kò bọ́gbọ́n mu. Àwọn ọ̀dọ́ amòfin kò fẹ́ gba iṣẹ́ òru yìí mọ́. Bí àwọn ọmọ wa tí ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì níbí bá ń ka èyí, inú mi yóò dùn bí díẹ̀ nínú wọn bá lè yà sí i, nítorí ó pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń mú lóru tí ìbá túra ká bí ẹnì kan bá kí i ní èdè rẹ̀.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, gbólóhùn tí yóò sọ níwájú káńtà ni "I want the duty solicitor", kò sì ní láti ṣàlàyé ìdí. Kí ó sọ ọ́ bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ fún un pé ó lè mú kí ó pẹ́. Bí agbẹjọ́rò bá wà lórí fóònù, kí ó béèrè ní kedere bóyá yóò wá fúnra rẹ̀, kí ó sì sọ fún un bí ó bá ní àìsàn, bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tàbí bí ọlọ́pàá bá sọ pé àwọn yóò bi í ní ìbéèrè, nítorí pé èyíkéyìí nínú wọn lè sọ ìpè di àbẹ̀wò. Bí ọ̀rọ̀ bá wá parí sí ìwé ìtanràn £90 bíi ti àbúrò mi, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ó wà láti san án tàbí láti kọ̀wé pé òun fẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Sísan án kì í ṣe ìdájọ́ ẹ̀bi, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsan án àti láìkọ̀wé, yóò di £135, ilé ẹjọ́ ni yóò sì máa gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.